Kọ̀ǹpútà Kò Ya Odi, Ògbufọ̀ Ni Kò Ní

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tí ó bá wọ ìlú tí kò dé rí, bí ó tilẹ̀ lọ́rọ̀ lẹ́nu bí ayékòótọ́, ẹnu ibodè ni yóò dúró sí títí ẹnìkan tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ yóò fi mú un dé ààfin. Bí kò bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, àwọn ará ìlú yóò wò ó títí, òun náà yóò wò wọ́n títí, wọn yóò sì máa sọ láàárín ara wọn pé odi ni ọkùnrin náà. Kì í ṣe odi rárá. Ògbufọ̀ ni kò ní. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí láàárín kọ̀ǹpútà àti ohun èlò kékeré kan tí àwọn ènìyàn wa ń rà lójoojúmọ́, tí púpọ̀ nínú wọn sì ń jù sínú àpótí lẹ́yìn ọjọ́ kejì pé ó ti bàjẹ́.

Ohun èlò náà ni adápítọ̀ Wi-Fi tí wọ́n ń tì bọ ihò USB lára kọ̀ǹpútà. Òmíràn kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, òmíràn gùn bí fláṣì, òmíràn sì ní èrìàlì kan tàbí méjì tí ó nà ró bí ìwo ìgbín. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ó gba ìsọfúnni tí ó ń gba inú afẹ́fẹ́ bọ̀ láti ara rọ́tà tàbí fóònù, kí ó gbé e fún kọ̀ǹpútà, kí ó sì gbé èsì padà. Ẹni tí lápútọ́ọ̀pù rẹ̀ jẹ́ tuntun lè má nílò rẹ̀, nítorí wọ́n ti kọ́ irú rẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ náà láti ilé-iṣẹ́ wá. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí a ń rà ní tòkunbọ̀ ni kò ní Wi-Fi nínú, nítorí pé wáyà ni wọ́n fi ń so wọ́n mọ́ra ní àwọn ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń bọ̀. Lápútọ́ọ̀pù mìíràn sì wà tí Wi-Fi inú rẹ̀ ti kú, tí gbogbo ara rẹ̀ yòókù sì le koko. Adápítọ̀ yìí ni àbọ̀ owó tí ó ń gba irú wọn là.

Ìgbà kan wà tí kọ̀ǹpútà tí kò mọ ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ohun tí ń ṣe é. Ẹni tí ó ń tẹ ìwé ń tẹ ìwé, ẹni tí ó ń ṣe ìṣirò ń ṣe ìṣirò. Ayé ti yí kúrò níbẹ̀. Láti ọdún 2015 ni àjọ JAMB ti sọ ìdánwò UTME di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni àwọn ọmọ ti ń wo èsì wọn. Ibẹ̀ ni oníṣòwò ti ń forúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń rí ojú àwọn ọmọ wọn tí ó wà ní ìdálẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí kò lè dé ibẹ̀ dà bí ọjà tí ọ̀nà rẹ̀ dí: ẹrù kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò wá rà á.

Ẹ jẹ́ kí á fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí ó pọ̀ ní àdúgbò gbogbo. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní ẹ̀bá ilé-ẹ̀kọ́ gíga, níbi tí ó ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó tu owó àjọ, ó ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan, ó ra adápítọ̀ Wi-Fi tẹ̀lé e. Ó tì í bọ ihò rẹ̀, ó jókòó, ó ń retí. Kò sí nǹkankan. Iná kékeré ara adápítọ̀ náà kò tàn, àmì Wi-Fi kò yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ó yọ ọ́, ó tún un tì bọ̀ ọ́, bákan náà ni ọmọ ṣe orí. Àwọn oníbàárà sì wà lẹ́nu ọ̀nà, iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tí ó ti tẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà láti nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn sì ń dúró kí ó fi ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ wọn.

Ní irú àkókò báyìí ni olùdámọ̀ràn máa ń pọ̀ ju ẹni tí ó mọ iṣẹ́ lọ. Ẹni àkọ́kọ́ á ní kọ̀ǹpútà náà ti kú, kí ó dá a padà. Ẹni kejì á ní ayédèrú ni adápítọ̀ náà, kí ó lọ ra òmíràn tí owó rẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin kẹta, tí ó ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì, á ní kí wọ́n fọ kọ̀ǹpútà náà mọ́ tónítóní, kí wọ́n gbé Windows tuntun lé e. Èyí ni ó burú jù nínú gbogbo ìmọ̀ràn wọ̀nyí. Bí kò bá kọ́kọ́ kó àwọn fáìlì inú rẹ̀ pamọ́ sí ibòmíràn, iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta yóò bá omi lọ, bí wọ́n bá sì parí fífọ̀ náà, ó ṣeé ṣe kí adápítọ̀ yìí má tíì sọ̀rọ̀ síbẹ̀, nítorí ohun tí kò ní tẹ́lẹ̀ náà ni kò ní báyìí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Kí ni ohun náà tí kò ní? Òun ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní dráífà. Kì í ṣe dẹ́rẹ́bà tí ń wa mọ́tò o. Bí Yorùbá yóò bá fún un ní orúkọ tí ó bá a mu, ògbufọ̀ ni yóò jẹ́. Windows ni ọba tí ó jókòó sí ààfin. Adápítọ̀ ni àlejò tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Dráífà ni ẹni tí ó gbọ́ èdè àwọn méjèèjì. Bí ọba bá ní, “Wo àyíká, kí o sọ iye nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ó wà níbẹ̀ fún mi,” ògbufọ̀ ni yóò túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tí ọpọlọ kékeré inú adápítọ̀ náà gbọ́. Bí kò bá sí ògbufọ̀ nílé, ọba á sọ̀rọ̀ títí, àlejò á máa wò ó bọ̀ọ̀. Bí ògbufọ̀ bá sì wà ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ èdè ìlú mìíràn ni ó gbọ́, ìyẹn tilẹ̀ léwu jù, nítorí òdì ọ̀rọ̀ ni yóò máa sọ.

Ìtàn àwọn ohun méjì tí ó pàdé nínú adápítọ̀ yìí kò pẹ́. Ọdún 1996 ni ẹ̀dà USB àkọ́kọ́ jáde, kí ihò kan ṣoṣo lè gba oríṣiríṣi ohun èlò dípò kí olúkúlùkù ní ihò tirẹ̀. Ọdún 1997 ni àjọ IEEE gbé ìlànà 802.11 jáde, èyí tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ Wi-Fi; ní 1999, òmíràn tí ó yára jù ú lọ tẹ̀lé e, wọ́n pè é ní 802.11b. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti ṣí ṣáájú àkókò náà, nítorí ní 1985 ni àjọ tí ń ṣàkóso ìgbì rédíò ní Amẹ́ríkà yọ̀ǹda àwọn ìgbì kan tí ẹnikẹ́ni lè lò fún irú iṣẹ́ yìí láìgba ìwé àṣẹ. Láti ìgbà náà ni onírúurú ilé-iṣẹ́ ti ń ṣe ọpọlọ Wi-Fi, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní chip, olúkúlùkù pẹ̀lú èdè tirẹ̀. Ibi tí ìdààmú ti wọlé nìyẹn.

Ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára páálí kì í sábà jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọpọlọ inú rẹ̀. Ẹnìkan a rán aṣọ, ẹlòmíràn a wọ̀ ọ́. Realtek ti ìlú Taiwan, MediaTek tí òun náà jẹ́ ti Taiwan, àti Qualcomm ti Amẹ́ríkà, tí ó ra Atheros ní 2011, wà lára àwọn tí ń ṣe ọpọlọ. Nígbà mìíràn, orúkọ kan náà a wà lára páálí méjì, ọpọlọ inú wọn a sì yàtọ̀. Àpẹẹrẹ tí àwọn onímọ̀ mọ̀ dáadáa ni TL-WN722N ti TP-Link: ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ ń lo ọpọlọ Atheros, ẹ̀dà kejì sì ń lo ti Realtek. Ẹni tí ó bá gba ògbufọ̀ ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún ìkejì, èdè ìlú mìíràn ni ó lọ kọ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á wo àwọn lẹ́tà kéékèèké ẹ̀yìn adápítọ̀ náà, níbi tí wọ́n máa ń kọ V1, V2 tàbí V3 sí, kí á tó wá ohunkóhun.

Bí lẹ́tà náà bá ti parẹ́ ńkọ́, tàbí bí ó bá jẹ́ èyí tí kò ní orúkọ kankan lára ni a rà? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Yorùbá àtijọ́ ń fi ilà ojú mọ ọmọ ìlú kan yàtọ̀ sí òmíràn. Adápítọ̀ náà ní ilà tirẹ̀. Àwọn tí ó ṣe USB ti rí i dájú pé kò sí ohun èlò tí yóò wọ ihò náà láìsọ orúkọ ìdílé rẹ̀ àti orúkọ ara rẹ̀. Nọ́ńbà ni orúkọ méjèèjì: VID ni ti ilé-iṣẹ́, PID ni ti ohun èlò náà gan-an, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ àmì mẹ́rin, nọ́ńbà àti lẹ́tà tí a dà pọ̀. 0BDA, fún àpẹẹrẹ, ni ilà ìdílé Realtek. Páálí lè parọ́, ẹni tí ń tajà lè parọ́, ṣùgbọ́n ilà yìí kì í sábà parọ́.

Láti rí i, kí ẹni tí ó ń lo Windows ṣí ibi tí wọ́n ń pè ní Device Manager. Bí ó bá di bọ́tìnì Windows mú, tí ó sì tẹ X, orúkọ náà yóò jáde láàárín àwọn orúkọ mìíràn. Níbẹ̀ ni a ti máa rí gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà. Èyí tí kò bá ní ògbufọ̀ yóò ní àmì ìyanu aláwọ̀ ìyeyè lára. Kí ó fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, kí ó yan Properties, kí ó lọ sí Details, kí ó wá yan Hardware Ids. Nọ́ńbà ilà náà yóò hàn, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ojú ewé àkọ́kọ́ Properties yìí kan náà ni Windows ti ń sọ ohun tí ń ṣe àlejò náà pẹ̀lú nọ́ńbà. Code 28 túmọ̀ sí pé kò sí ògbufọ̀ nílé. Code 10 ní ohun èlò náà kọ̀ láti dìde ṣiṣẹ́. Code 22 ní ẹnìkan ló dìídì pa á. Code 43 ní ohun èlò náà fúnra rẹ̀ ló ké pé ara òun kò dá. Code 52 sì ní ògbufọ̀ wà, ṣùgbọ́n kò ní òǹtẹ̀ tí ó jẹ́ kí á fọkàn tán an. Ẹni tí ó bá ka nọ́ńbà yìí kò ní máa fi ìwọ́sí bá ìwọ́sí jà mọ́. Ó ti mọ ibi tí ó ń dùn ún.

Ṣùgbọ́n bí orúkọ náà kò bá tilẹ̀ yọ nínú Device Manager rárá, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kò tíì kan ògbufọ̀. Àlejò kò tíì dé ibodè ni. Ihò ni kí á kọ́kọ́ wò. Lára kọ̀ǹpútà orí tábìlì, àwọn ihò USB iwájú a máa gba inú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan kọjá kí wọ́n tó dé pátákó àárín, wáyà yìí sì lè ti tú nínú ẹ̀rọ tòkunbọ̀. Ihò ẹ̀yìn ni ó dára jù, nítorí ara pátákó náà gan-an ni ó wà. Agbára iná náà ṣe pàtàkì: ihò USB 2.0 kì í fún ohun èlò kan ju 500 milliamp lọ, bí a bá sì fi ẹ̀rọ onílé púpọ̀ pín ihò kan fún máòsì, fláṣì, àti fáànù kékeré, kí ni yóò ṣẹ́kù fún adápítọ̀? Kí á tì í bọ ihò òun nìkan. Bí kò bá yọ síbẹ̀, kí á gbé e lọ sára kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí ó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Bí ó bá kọ̀ lára kọ̀ǹpútà méjì tàbí mẹ́ta, kí á dá a padà fún ẹni tí ó tà á.

Ní ti obìnrin oníṣọ́ọ̀bù, Code 28 ni ó bá pàdé. Ìṣòro tí ó tẹ̀lé èyí sì dà bí àlọ́: orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ògbufọ̀ wà, adápítọ̀ yìí ni yóò sì gbé e dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, adápítọ̀ náà kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí ògbufọ̀. Wọ́n fi àwo CD kékeré kan sínú páálí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ní ibi tí wọ́n ń fi CD sí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ̀rètí nù nìyí, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí yóò tú okùn náà wà nínú àpò wọn. Fóònù Android ni. Kí ó fi wáyà tí ó fi ń gba iná sí i so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ó lọ sí ètò fóònù náà, kí ó tan USB tethering. Windows 10 àti 11 ti ní ògbufọ̀ fún fóònù náà láti ilé, nítorí náà kọ̀ǹpútà yóò bá dátà fóònù dé orí íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ó ní kí Windows Update wá ògbufọ̀ náà fún òun, tàbí kí ó lọ sí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára páálí. Ẹni tí kò fẹ́ ná dátà púpọ̀ lè fi fóònù gba fáìlì náà sílẹ̀, kí ó sì fi wáyà kan náà kó o sínú kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀tàn mìíràn wà tí ó yẹ kí á kì fún ara wa. Àwọn adápítọ̀ kan wà tí àwọn tí ó ṣe wọ́n fi ògbufọ̀ pa mọ́ sínú wọn. Bí a bá tì wọ́n bọ ihò, wọn kì í sọ pé Wi-Fi ni àwọn. Wọn a pe ara wọn ní CD. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní adápítọ̀ ni òun rà, fláṣì ni wọ́n tà fún òun. Kí ó ṣí CD náà, kí ó tẹ ohun tí ń jẹ́ Setup nínú rẹ̀, bí ó bá sì parí, ẹ̀rọ náà yóò bọ́ ẹ̀wù CD sílẹ̀, yóò gbé ti Wi-Fi wọ̀. Àwọn tí ń lo Linux a máa lo ètò tí ń jẹ́ usb_modeswitch fún irú ìparadà yìí, àṣẹ lsusb sì ni ó ń fi nọ́ńbà ilà han àwọn.

Kí á tó gba ògbufọ̀ èyíkéyìí sílẹ̀, kí á mọ irú Windows tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà wa, bóyá onílà 32-bit tàbí 64-bit ni, nítorí ti ọ̀kan kò bá ìkejì mu. Láti ìgbà Windows Vista ni Microsoft ti pa á láṣẹ pé ògbufọ̀ tí kò ní òǹtẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ààfin 64-bit. Àṣẹ rere ni, nítorí ògbufọ̀ ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ọba. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dàlẹ̀, ìlú ti tú. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ní kí a pa ẹ̀ṣọ́ kọ̀ǹpútà wa kí ògbufọ̀ tirẹ̀ lè wọlé, ojú olè ni kí á fi wò ó. Bákan náà ni àwọn ètò tí ń yọ lójú íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pariwo pé àwọn yóò tún gbogbo dráífà ṣe, bí a bá ti lè san owó. Ọ̀fẹ́ ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe adápítọ̀ máa ń fún ènìyàn ní dráífà wọn. Kí ni ẹni tí ó ń ta omi òjò ń wá létí odò wa?

Nígbà tí ògbufọ̀ bá ti wọlé, àmì Wi-Fi yóò yọ. Ọ̀rọ̀ kò tíì tán fún àwọn mìíràn. Ẹnìkan lè rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì aládùúgbò, kí ó má rí ti ara rẹ̀. Adápítọ̀ olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń gbọ́ ìgbì 2.4 GHz nìkan; bí rọ́tà bá ń sọ̀rọ̀ lórí 5 GHz nìkan, a jẹ́ pé adití ni a ń ké sí. Kí á lọ sínú ètò rọ́tà, kí á tan 2.4 GHz. Bí rọ́tà bá wà lórí ọ̀nà 12 tàbí 13, adápítọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀nà náà ti sábà máa ń parí sí 11, lè má rí i. Bí ó bá sì rí i tí kò gbà á wọlé, kí á wo irú ààbò tí rọ́tà ń lò: ní 2018 ni WPA3 dé, adápítọ̀ tí ó ti pẹ́ lè má mọ̀ ju WPA2 lọ. Ẹ má ṣe tìtorí èyí yọ ìdènà kúrò lẹ́nu ọ̀nà pátápátá o. WPA2 ni kí ẹ yàn. Kí a má sì gbàgbé airplane mode, èyí tí ọmọdé lè ti fi ọwọ́ kàn láìmọ̀.

Ẹlòmíràn á wọlé sórí Wi-Fi, gbogbo àmì á pé, síbẹ̀ kò sí ìkànnì kan tí yóò ṣí fún un. Ní ilẹ̀ tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wo ọjọ́ àti ọdún ní igun kọ̀ǹpútà rẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, bátìrì pẹlẹbẹ kan wà tí ó dà bí owó ẹyọ, CR2032 ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa rántí ọjọ́ nígbà tí iná bá lọ. Nínú ẹ̀rọ tòkunbọ̀, ó sábà máa ń ti kú. Kọ̀ǹpútà yóò wá jí, yóò rò pé ọdún tí wọ́n bí òun ni a ṣì wà. Àwọn ìkànnì tí ó ní ààbò a máa fi ìwé ẹ̀rí han kọ̀ǹpútà, ìwé ẹ̀rí náà sì ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó parí. Bí ọjọ́ ti wa kò bá bá tiwọn mu, kọ̀ǹpútà yóò sọ pé ayédèrú ni wọ́n. Bátìrì tí kò tó nǹkan ni ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ bú adápítọ̀.

Bí Wi-Fi bá wá ń wá tí ó ń lọ bí iná ìjọba, ohun méjì ni kí á wò. Èkínní ni pé Windows a máa pa ohun èlò tí kò ṣiṣẹ́ láti fi tọ́jú iná. Nínú Properties, níbi tí a kọ Power Management sí, kí á yọ àmì kúrò níwájú ọ̀rọ̀ tí ó fún un ní àṣẹ náà. Èkejì jọ ni lójú: ihò USB 3.0 àti ohun èlò rẹ̀ a máa da ariwo sórí ìgbì 2.4 GHz. Ní 2012 ni ilé-iṣẹ́ Intel fúnra rẹ̀ gbé ìwé jáde lórí rẹ̀. Adápítọ̀ tí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ haadi dísìkì USB 3.0, ní ẹ̀yìn àpótí onírin tí ó kọjú sí ògiri, báwo ni yóò ṣe gbọ́ ohùn rọ́tà tí ó wà ní yàrá kejì? Wáyà USB àfikún tí ó gùn bí apá ènìyàn, tí yóò gbé adápítọ̀ náà dé orí tábìlì, ti tó láti yanjú rẹ̀.

Ẹ wo gbogbo nǹkan tí a ti kà sílẹ̀ yìí: ihò, iná, ilà, ògbufọ̀, ìgbì, ààbò, ọjọ́. Kò sí ọ̀kan tí ó gba kí a ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ohun tí wọ́n gbà ni ìfarabalẹ̀, kí á yí ohun kan padà lẹ́ẹ̀kan, kí á wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí á kọ ọ́ sílẹ̀ kí á tó fọwọ́ kan òmíràn. Ẹni tí ó yí nǹkan márùn-ún padà pọ̀, bí ó tilẹ̀ ṣiṣẹ́, kò mọ èyí tí ó wò ó sàn. Bí ó bá tún dé lọ́la, ọwọ́ òfìfo ni yóò tún fi pàdé rẹ̀. Ẹni tí ó bá farabalẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun rẹ̀.

Ohun tí ó sì ń dunni jù ni pé kì í ṣe owó nìkan ni àìmọ̀ yìí ń gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa. Ó ń gba ìgboyà wọn pẹ̀lú. Ìyá tí ó mọ ìṣirò ọjà lórí láìlo ìwé, bàbá tí ó fi ogún ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, bí wọ́n bá dé iwájú kọ̀ǹpútà tí kò dá wọn lóhùn, ara wọn ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Wọn á ní ayé ọ̀làjú ti kọjá àwọn. Irọ́ ni. Ohun tí ènìyàn kò mọ̀ ni ó dàgbà jù ú lọ, ìwé pélébé inú páálí náà kò sì sọ ọ́ fún wọn ní èdè tí wọ́n fi ń ronú. Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Ṣáínà ni ó sábà máa ń wà níbẹ̀. Bí àwọn tí ń ta ọjà yìí ní Ikẹja àti ní ìlú mìíràn bá lè tẹ ojú ewé kan ṣoṣo ní Yorùbá, kí wọ́n fi sínú ọ̀rá ọjà wọn, ìjà orí káńtà á dínkù, ọjà tí wọ́n ń dá padà pẹ̀lú á dínkù. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà, ẹ má ṣe fi í pamọ́ bí awo. Nígbà tí ẹ bá ń tún kọ̀ǹpútà àwọn àgbàlagbà yín ṣe, ẹ yí ojú rẹ̀ sí wọn, kí wọ́n máa rí ohun tí ẹ ń tẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tí adápítọ̀ rẹ̀ bá ń wò ó láìsọ̀rọ̀ má tíì sáré lọ ra òmíràn, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nu inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ nù. Kí ó wo ihò, kí ó ka ilà, kí ó wá ògbufọ̀ tí ó gbọ́ èdè ìdílé náà. Àlejò tí a bá rí ẹni túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ di ará ilé.